Bíbu Yanrìn Tuntun sí Ilé Ẹja

Ní Oto, ní apá Èbúté Mẹ́ta tí ó kọjú sí ọ̀sà, níbi tí àwọn Àwórì, àwọn ará ìdílé olóyè Oloto, ti tẹ̀dó kí òyìnbó tó gbé irin rélùwéè sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdó, kí a sì tó parí afárá Carter tí ó kọjá omi lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó ní ọdún 1901, kò sí ọmọdé kan tí yóò yà lẹ́nu bí ó bá rí ẹni tí ń da yanrìn sínú omi. Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, ìlú tí omi yí ká ni, ọ̀pọ̀ ibi tí a sì ń tẹ̀ lónìí bí ilẹ̀ gbígbẹ, irà àti ẹrẹ̀ ni kí a tó fi yanrìn dí i. Láti etí omi Ìdó títí dé Mákòkó, a ń rí àwọn òmùwẹ̀ tí ń gbé korobá rì lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀sà, tí ń bu yanrìn gòkè sínú ọkọ̀ onígi, tí ìgbòkun tí a fi àpò rán sì ń gbé ẹrù náà bọ̀ ní èbúté, níbi tí àwọn onítípà ti ń dúró dè é.

Yanrìn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kéré sí èyí lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó gbà kò kéré. Yanrìn inú àpótí onídígí tí ẹja ń gbé ni, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní táńkì ẹja, tí a ń rí nínú pálọ̀ àwọn onílé, nínú gbọ̀ngàn ilé ìtura, àti níbi tí aláìsàn ti ń jókòó de dókítà. Bí àpótí bẹ́ẹ̀ bá ti pé ọdún kan tàbí méjì tí ẹja ti ń gbé inú rẹ̀ ní àlàáfíà, tí olówó rẹ̀ wá rí i pé yanrìn ìsàlẹ̀ ti tín-ín-rín, tí ó sì pinnu láti bu òmíràn kún un, iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni tí ń dí irà. Ẹni tí ń dí irà, ńṣe ni ó fẹ́ kí ohun tí ó wà nísàlẹ̀ bò mọ́lẹ̀ kí ó má tún rí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tí ń bu yanrìn kún ilé ẹja, ohun tí ó wà nísàlẹ̀ gan-an ni ó gbọ́dọ̀ máa rò kí ó má baà pa á.

Oríṣiríṣi ni ohun tí í mú ènìyàn ronú àtifi yanrìn kún yanrìn. Rọ́bà tí a fi ń fa ìdọ̀tí jáde a máa fa yanrìn díẹ̀ mọ́ ọn nígbàkúùgbà, títí dígí ìsàlẹ̀ yóò fi máa hàn. Ewéko inú omi a máa na gbòǹgbò títí ilẹ̀ kò fi ní gbà á mọ́. Àwọn ẹja mìíràn sì wà tí ìgbésí ayé wọn kò ṣẹ̀yìn yanrìn. Ẹja kékeré kan wà tí àwọn olùsìn ẹja ní gbogbo àgbáyé mọ̀ sí kribensis, tí ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n bí osùn nígbà ìbísí. Àwọn odò gúúsù Nàìjíríà wa yìí àti ti etí òkun Kamẹrúùnù ni ilé rẹ̀, ọdún 1901 tí a parí afárá Carter náà sì ni onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Boulenger fún un ní orúkọ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Abẹ́ òkúta ni ẹja yìí ń gbẹ́ yanrìn kúrò kí ó tó yé ẹyin síbẹ̀. Òmíràn wà, Gnathonemus petersii, òun náà ọmọ odò Ìwọ̀-Oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà, tí àgbọ̀n rẹ̀ gùn jáde, tí ó ń fi í tú inú yanrìn wá ìdin lálẹ́, tí ó sì ní agbára iná mànàmáná díẹ̀ lára tí ó fi ń mọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ nínú òkùnkùn. Irú àwọn ọmọ odò bẹ́ẹ̀, ìyà ni a fi ń jẹ wọ́n bí a bá ní kí wọ́n máa gbé orí dígí lásán, inú mi sì máa ń dùn nígbà tí mo bá rí olùsìn ẹja tí ó fẹ́ tún ilẹ̀ ṣe fún wọn.

Kí onítọ̀hún tó fọwọ́ kan korobá, ó yẹ kí ó mọ àwọn tí ń gbé inú yanrìn àtijọ́. Ẹja a máa jẹun, a máa yàgbẹ́, a sì máa mí. Láti inú ìgbẹ́ rẹ̀, láti inú oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù tí ó sì jẹrà, àti láti ibi tí ẹja fi ń mí, ni amóníà ti ń jáde sínú omi, májèlé gidi sì ni. Ní ọdún 1850, ní Lọ́ńdọ̀nù, Robert Warington fi yé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ onímọ̀ kẹ́mísìrì pé bí a bá fi ewéko, ẹja àti ìṣáwùrú sínú agbada kan náà, wọn yóò máa gbé ara wọn ró. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 1853, ni a ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn nínú ọgbà ẹranko Regent's Park. Àwọn ará ìgbà náà gbà pé ewéko ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ó di nǹkan bí ọdún 1890 kí Sergei Winogradsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tó tú àṣírí àwọn òṣìṣẹ́ tí ojú kò rí: kòkòrò àìfojúrí tí ó jẹ́ pé amóníà gan-an ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ. Ẹ̀yà kan nínú wọn ń sọ amóníà di nítíráìtì, tí òun náà ṣì jẹ́ májèlé. Ẹ̀yà kejì ń sọ nítíráìtì di nítíréètì, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára láti pa ẹja lára, tí ewéko ń jẹ, tí a sì ń dín kù nígbà tí a bá pààrọ̀ omi.

Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn àtimáa léfòó nínú omi. Ara ohun líle ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, ara kànrìnkàn inú fílítà tí ń sẹ́ omi àpótí ní pàtàkì, ara òkúta, àti ara hóró yanrìn tí ó wà lókè, níbi tí ọ́síjìn inú omi ti ń tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó láti gbọ́ bùkátà àpótí tuntun. Àwọn àgbà a máa wí pé ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnìkan kò wá, Ọ̀yìngbò náà kò sì jìnnà sí Oto. Ṣùgbọ́n ilé ẹja kì í ṣe Ọ̀yìngbò. Bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ yìí bá kú sábẹ́ yanrìn tí a dà lé wọn lórí lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní pẹ́ rárá kí amóníà tó bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, kí ẹja tó máa gbórí sókè omi, kí wọ́n máa mí gúlegúle, kí wọ́n sì kọ oúnjẹ. Ìdí nìyí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn pé sùúrù ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ yìí, gbogbo ohun tí mo sì máa sọ síwájú, orí rẹ̀ ni ó dúró lé.

Yanrìn wo ni kí a lò? Èyí tí ó sún mọ́ ará Oto jù lọ ni yanrìn ọ̀sà, òun náà gan-an ni mo sì ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀sà Èkó kì í ṣe omi tútù ní gbogbo ọdún: ní àkókò òjò, omi odò a máa pọ̀ nínú rẹ̀ títí iyọ̀ rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a máa wọlé, iyọ̀ náà a sì pọ̀ sí i. Èérún ìkarahun pọ̀ nínú yanrìn rẹ̀, ìkarahun sì máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú omi, a máa mú kí omi le, kí ó má bá ara ẹja odò mu mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó bá ti dúró létí omi lẹ́bàá àwọn ilé ìlagi Oko Baba mọ ohun tí ìlú ń dà sínú ọ̀sà náà, láti orí èérún pákó dé orí omi ìdọ̀tí. Bákan náà ni yanrìn etí òkun kò yẹ.

Yanrìn odò ni ó dára. Odò Ògùn, tí ó ti òkè Ọ̀yọ́ ṣàn wá, tí ó gba Abẹ́òkúta kọjá, tí ó gba Ìṣẹ́rì kí ó tó dà sínú ọ̀sà, ń gbé yanrìn tí omi tútù ti fọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, a sì ń wà á lẹ́bàá Ìṣẹ́rì fún ilé kíkọ́. Ẹ bi oníyanrìn ní ibi tí ó ti wà á, ẹ má tijú. Èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri, tí wọ́n ń pè ní yanrìn pọlásítà, kò yẹ, nítorí amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì kúnná débi pé yóò lẹ̀ pọ̀ gbagidi. Yanrìn ṣáàpù ni kí ẹ rà, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé jọ̀ ọ́ kí òkúta wẹ́wẹ́ lè yọ kúrò, kí ẹ sì fi ìka méjì rẹ́ ẹ wò: bí ó bá ń gún ọwọ́ ṣóṣó, yóò gún ẹnu àrọ̀ àti gbogbo ẹja onírùngbọ̀n tí ń fi irùngbọ̀n wá oúnjẹ nílẹ̀, ẹ wá òmíràn tí etí rẹ̀ ti yí. Ní ti àwọ̀, mo fara mọ́ yanrìn tí ó ṣókùnkùn díẹ̀ ju èyí tí ó funfun báláú lọ, nítorí ẹja a máa pa àwọ̀ rẹ̀ mọ́ lórí ilẹ̀ funfun, a sì máa tàn yanran lórí ilẹ̀ tí ó jọ ti odò rẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí ó rọrùn tí kò ná ènìyàn ní ju ọsàn wẹ́wẹ́ kan lọ. Ẹ bu yanrìn gbígbẹ díẹ̀ sínú àwo, ẹ fún oje ọsàn náà lé e, ẹ tẹ́tí sí i, ẹ sì wò ó dáadáa. Bí ó bá ń hó, tí ìfófò wẹ́wẹ́ ń yọ, ìkarahun tàbí òkúta ẹfun wà nínú rẹ̀. Ẹ dá a padà fún ẹni tí ń kọ́lé. Bí kò bá fọhùn, ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Ní ti ìwọ̀n, kí a má ṣe é ní ìméfò. Ẹ wọn gígùn àti ìbú àpótí ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ tún fi iye ìjìnlẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi kún un sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 1,000 pín in. Iye lítà yanrìn tí ẹ nílò ni yóò jáde. Àpótí tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 90, tí ó fẹ̀ ní 40, tí a fẹ́ fi sẹ̀ǹtímítà 3 kún, lítà 10.8 ni yóò gbà. Bí lítà yanrìn gbígbẹ kan sì ti ń wọn kílò kan àtààbọ̀ tàbí kí ó lé díẹ̀, nǹkan bí kílò 17 nìyẹn. Ẹ wo tábìlì tí àpótí náà wà lórí rẹ̀ bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró dáadáa kí ẹ tó gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé e.

Fífọ̀ yanrìn ni iṣẹ́ tí ó ń rẹ ènìyàn jù, ibẹ̀ ni ọ̀lẹ sì ti ń ba ọ̀ràn jẹ́. Ẹ bu yanrìn dé ìdá kan nínú mẹ́ta korobá, kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tú omi lé e, ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, ẹ rú u sókè, kí ẹ sì da omi ẹlẹ́rẹ̀ nù kí yanrìn tó bá a lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní àṣetúnṣe títí omi orí rẹ̀ yóò fi mọ́ gaara bí ẹ tilẹ̀ rú u. Kò gbọdọ̀ sí ọṣẹ nínú rẹ̀, ìbáà ṣe ọṣẹ dúdú tàbí ẹlẹ́búbú. Omi ẹ̀rọ lásán tó fún iṣẹ́ yìí, nítorí kò tíì sí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa lára yanrìn tuntun tí kòlórín inú omi náà yóò pa. Bí ẹ bá sá a sórí sìmẹ́ńtì kí oòrùn pa kòkòrò inú rẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ó tó kan omi: yanrìn tí oòrùn ọ̀sán Èkó ti yan, ìjàǹbá ni fún ẹja.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé, ohun mélòó kan wà tí ó yẹ kí a ti parí. Ẹ fi rọ́bà fa ìdọ̀tí kúrò lórí yanrìn àtijọ́, nítorí ìgbẹ́ ẹja tí a bá bò mọ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tí a sin, yóò máa jẹrà níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n apá kan ilẹ̀ náà ni kí ẹ fà, ẹ fi apá kejì sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ má fọ fílítà láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú títí di ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn iṣẹ́ náà, nítorí inú rẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa wà, àwọn ni yóò sì ru ẹrù nígbà tí ilẹ̀ bá dàrú. Bí ẹja yín bá ní ẹyin tàbí ọmọ lábẹ́ òkúta, ẹ dúró títí àwọn ọmọ náà yóò fi dàgbà. Ní ti ọ̀rọ̀ iná, kí n má fi bò: ẹ yan ọjọ́ tí iná wà, tàbí tí epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, nítorí àpótí tí omi rẹ̀ rú tí fílítà rẹ̀ sì dákẹ́ di ọjọ́ kejì, ewu ńlá ni, ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré oníbátìrì, kí ó gbé e sítòsí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹ fa ìdá kan nínú mẹ́rin omi jáde, ẹ pa fílítà kí hóró yanrìn má baà wọ inú ẹ̀rọ rẹ̀ kí ó sì lọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kó ẹja jáde. Èmi kò rí ìdí rẹ̀ bí a ó bá rọra ṣe iṣẹ́ náà, nítorí lílé ẹja kiri pẹ̀lú àwọ̀n máa ń dà á lára rú ju yanrìn díẹ̀ lọ. Ẹ wá páìpù ike tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, tí ó gùn láti òkè omi dé ìsàlẹ̀, ẹ na ẹnu rẹ̀ kan sí ìtòsí ilẹ̀, ẹ sì máa fi ife bu yanrìn tútù sí ẹnu kejì, kí ó máa yọ̀ sílẹ̀ láìfọ́n káàkiri. Ẹni tí kò ní páìpù lè kún ife tàbí ìgò ike tí a gé lórí, kí ó rì í títí dé ilẹ̀, kí ó tó rọra yí i. Ìtàn wa sọ pé Odùduwà da iyẹ̀pẹ̀ sórí omi ní Ilé-Ifẹ̀ tí adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún sì tàn án ká. Nínú ilé ẹja, ọwọ́ tiwa ni yóò tàn án, kí ẹ̀yìn ga díẹ̀ ju iwájú lọ, kí ìdọ̀tí lè máa yí wá sí ibi tí ojú àti rọ́bà ti tó o.

Sẹ̀ǹtímítà kan ni kí ẹ dà lẹ́ẹ̀kan, ìdajì ilẹ̀ nìkan ni kí ẹ sì bò ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìpele tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, omi ṣì ń gbà á kọjá. Àwọn kòkòrò ìsàlẹ̀ a ṣì máa rí ọ́síjìn, àwọn ọmọ wọn a sì máa gòkè wá tẹ̀dó sórí hóró tuntun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ bo ìdajì kejì. Lẹ́yìn òmíràn, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dé ìwọ̀n tí ẹ fẹ́. Ẹ má da yanrìn lu ọrùn ewéko. Anubias pàápàá, ewéko etí odò wa tí a fi orúkọ Charles Barter sọ ẹ̀yà rẹ̀ kan, Barter tí ó bá ẹgbẹ́ ìrìn-àjò òyìnbó kan tí ń jẹ́ Baikie gòkè odò Ọya ní ọdún 1857, kò fẹ́ kí igi rẹ̀ tí ó ń rá lórí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Bí a bá bò ó, yóò jẹrà. Òkúta ńlá sì gbọ́dọ̀ jókòó lórí dígí ìsàlẹ̀ kí a tó da yanrìn yí i ká. Èyí tí ó jókòó lórí yanrìn, ẹja tí ń gbẹ́lẹ̀ yóò gbẹ́ ìdí rẹ̀ títí yóò fi wó lu dígí.

Kí omi silẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ sì tan fílítà padà. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ náà nílò omi tí ń ṣàn. Ẹ dín oúnjẹ ẹja kù fún ọjọ́ mẹ́ta. Omi tí ó rú nítorí eruku yanrìn yóò mọ́ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ́, tí ó sì tún funfun bí omi ògì ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, kòkòrò àìfojúrí tí ń léfòó ni ó pọ̀ lójijì, kì í ṣe eruku, ẹ má sì sáré fọ fílítà nítorí rẹ̀. Ẹ fi oògùn àyẹ̀wò wo amóníà àti nítíráìtì; bí ọ̀kan bá yọ, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi, omi ẹ̀rọ tí ó ti wà nínú agbada láìbò mọ́jú kí kòlórín lè fò lọ, tàbí omi kànga ẹ̀rọ tí ìpẹtà inú rẹ̀ ti rọ̀ sílẹ̀.

Ó ku ibi méjì tí iṣẹ́ yìí kò gbà. Bí ilẹ̀ àtijọ́ bá jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, yanrìn tí a bá dà lé e yóò máa rì gba àárín wọn lọ sísàlẹ̀, òkúta yóò sì padà wà lókè láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kó òkúta náà jáde ní ìpín-ìpín, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan láàárín ìpín kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá sì jẹ́ pé abẹ́ ilẹ̀ ni fílítà yín wà, tí ó ń fa omi gba inú òkúta kọjá, yanrìn yóò dí i pa. Ẹ gbé fílítà mìíràn sí i ní oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú.

Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lápapọ̀ tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpótí. Yanrìn tí ó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ohunkóhun kò sì rú, ọ́síjìn kì í dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Dúdú ni yóò dà, gáàsì tí ń rùn bí ẹyin òbu yóò sì máa pọ̀ níbẹ̀, èyí tí ó lè pa ẹja bí ó bá jáde púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìṣáwùrú kékeré onímú ṣóṣóró tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Melanoides, tí ń rá lábẹ́ yanrìn lọ́sàn-án tí ó sì ń jáde lóru, yóò bá yín tú u láìgba owó ọ̀yà. Níbi tí kò bá sí ìṣáwùrú, ẹ máa fi ìka tú ibi tí ẹja kì í gbẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, igun ẹ̀yìn òkúta pàápàá, díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ sì máa gbé ẹnu rọ́bà ga ní ìwọ̀n ìka kan sí orí yanrìn nígbà tí ẹ bá ń fa ìdọ̀tí, kí ìgbẹ́ nìkan máa wọlé, kí yanrìn tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tẹ́ wà níbi tí ó wà.